Ṣé kí n fi àgbàṣe sílẹ̀ fún owó òòjọ́?

Ẹ̀yin àgbà oníṣẹ́ ọwọ́, mo kí yín o. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, àgbàṣe ni mo sì máa ń gbà, ìyẹn iye kan fún gbogbo iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó ọkọ̀ èmi àti àwọn lébìrà ń jẹ èrè tán. Ti òjò ló wá burú jù: bó bá rọ̀ láàárọ̀, a ò ní lè to búlọ́ọ̀kù, síbẹ̀ lébìrà tó ti dé sáìtì gbọ́dọ̀ jẹun. Onílé á ní iye tí a jọ sọ lòun máa san. Mi ò sì ní dín sìmẹ́ǹtì kù láé. Ilé lè wó pa èèyàn.

Ṣé kí n máa gba owó òòjọ́ ni, àbí kí n ti ka ọjọ́ òjò mọ́ àgbàṣe látìbẹ̀rẹ̀? Báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ fún onílé tí kò fi ní pe ẹlòmíràn?