Nǹkan oṣù ló dáwọ́ dúró, kí ló wá kan ojú?

Ìyá Ìbejì Kubwa
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Aṣọ ni mò ń rán ní Kubwa níbí. Mo ti pé ọdún 52, ó sì ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí mo ti rí nǹkan oṣù kẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni ojú ti ń ta mí, àfi bíi pé iyanrìn wà nínú ẹ̀. Ọyẹ́ tó wá dé yìí sọ ọ́ di ìjà. Lánàá, mo lá òwú lẹ́nu, mo lọ́ ọ, kò wọ ojú abẹ́rẹ́. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló gbà á lọ́wọ́ mi. Kwalli, ìyẹn tìróò àwọn Hausa, tí aládùúgbò mi mú bọ̀ láti Kano, mo lé e títí, pàbó.

Omi ń dà lójú mi pòròpòrò, dókítà wá ní ojú mi gbẹ! Ó ní họ́mọ́ọ̀nù ni. Ojú tó ń domi, báwo ló ṣe gbẹ?

Ayẹjúwò Kàdúná
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Iṣẹ́ mi nìyẹn, dókítà yín ò parọ́. Omijé kì í ṣe omi lásán. Òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lórí ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn tètè fà á gbẹ. Inú ìpéǹpéjú ni òróró yẹn ti ń wá, láti ẹnu àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó tò lẹ́yìn irun ojú. Họ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní androgen wà lára ohun tó ń mú wọn ṣiṣẹ́. Ti ọkùnrin la máa ń pè é, àmọ́ obìnrin náà ní in, ó sì ń dín kù bí ọjọ́ orí ṣe ń ga. Òróró á wá dì bí òrí nínú ọyẹ́. Ojú á gbẹ, á máa ta, ara á wá tú omi sí i láti fi tù ú. Omi yẹn kì í dúró, ó kàn ń ṣàn lọ ni.

Ẹ rẹ aṣọ mímọ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fún un, ẹ gbé e lé ojú tí ẹ dì, bí ìṣẹ́jú 10, láàárọ̀ àti lálẹ́. Kwalli Kano yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jù ú nù. Ẹnu ihò yẹn gan-an lẹ ń lé e sí. Òmíràn tiẹ̀ ní òjé nínú.

Ìyàwó Minna
Oyún ló ṣe èmi ní tèmi. Ìríran mi yí padà, mo sáré lọ ṣe awò tuntun. Mo bímọ tán, awò ò bá ojú mu mọ́!

Ayẹjúwò Kàdúná
Omi ló ń dúró sínú awọ mímọ́ gaara iwájú ẹyinjú nígbà oyún, á nípọn sí i. Ẹ ò bá ti ní sùúrù fún oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ.

Ìyá Ìbejì Kubwa
Àbúrò mi ní Lọ́ńdọ́nù ní kí n lọ máa lo estrogen, họ́mọ́ọ̀nù obìnrin.

Ayẹjúwò Kàdúná
Ẹ má lò ó nítorí ojú o. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2001, ó lé ní 25,000 obìnrin tí wọ́n yẹ̀ wò. Ojú gbígbẹ pọ̀ lára àwọn tó ń lo estrogen nìkan ju àwọn tí kò lò ó rí.

Ìyá Ìbejì Kubwa
Ẹ ṣé gan-an. Omi ti wà lórí iná. Ó kù bí mo ṣe máa là á yé bàbá wọn pé họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin ló dín kù lára mi.