Gàdéníà àti Queen of the Night: ṣé ìtọ́jú kan náà ni wọ́n ń fẹ́?

Ọlọ́gbà Àkóbọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́gbà wa. Gàdéníà (igi olódòdó funfun tó ń ta òórùn dídùn) méjì ló wà lẹ́bàá fẹ́ǹsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi símẹ́ńtì rẹ́. Ewé tuntun orí wọn ń pọ́n, àmọ́ iṣan inú ewé náà ṣì tutù yọ̀yọ̀. Wọ́n ń rudi dáadáa, ṣùgbọ́n ìrudi ń já bọ́ kó tó là. Omi bọ̀hóólù la fi ń bomi rin wọ́n lójoojúmọ́, eérú àti ìgbẹ́ adìyẹ la sì ń dà sí wọn nídìí. Queen of the Night (Cestrum nocturnum, igi tí òdòdó rẹ̀ ń ta òórùn lóru) tó wà níkángun kejì ń jẹ irú ìtọ́jú yẹn kan náà. Ó ń ga fíofío, kò kàn fẹ́ tanná ni. Kí ló yẹ ká yí padà? A tún ń gbèrò láti gbin Queen mìíràn sábẹ́ fèrèsé yàrá, kí òórùn rẹ̀ máa wọlé lálẹ́. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Baba Ajílẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ dáwọ́ eérú yẹn dúró ná. Ìtọ́jú Queen ni ẹ ń fún gàdéníà, wọn ò sì jọra rárá. Queen kì í ṣa ilẹ̀. Èyí tó bá ti lọ́ràá, tí omi kì í dúró sí, ti tó o. Ilẹ̀ tó kan díẹ̀ bí ọsàn wẹ́wẹ́ ni gàdéníà ń fẹ́, pH 5 sí 6 (pH ni ìwọ̀n kíkan ilẹ̀: bó bá ṣe kéré tó ni ilẹ̀ ṣe ń kan tó). Tí pH bá ti kọjá 6.5, irin lè wà nínú ilẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ò ní rí i fà. Ohun tó ń sọ ewé tuntun di pípọ́n tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù nìyẹn. Ká ní ewé ìsàlẹ̀ tó ti gbó ló ń pọ́n ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ.

Ohun mẹ́rin ló ń gbé pH yẹn sókè lọ́dọ̀ yín. Eérú ni àkọ́kọ́. Èkejì ni ìgbẹ́ adìyẹ, pàápàá ti èyí tó ń yé ẹyin, torí ẹfun tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ wọn kí èèpo ẹyin lè le máa ń bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ̀kẹta ni símẹ́ńtì ara fẹ́ǹsì, tí òjò ń fọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi bọ̀hóólù ni ẹ̀kẹrin, bó bá jẹ́ irú èyí tó máa ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ nínú ìkòkò tí ẹ fi ń se omi.

Ẹ hú àwọn gàdéníà náà kúrò níbẹ̀, kí wọ́n fi mítà kan àbọ̀ jìnnà sí ògiri, ó kéré tán. Ìgbà òjò ni kí ẹ ṣe é, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí kò bá sí ìrudi lórí wọn, kí ẹ sì hú wọn tòun ti iyẹ̀pẹ̀ tó di gbòǹgbò mú. Ihò náà á fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, á jìn ní 40. Ẹ po bọ́kẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ dúdú méjì mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì ewé jíjẹrà kan àti ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì yanrìn odò. Ẹ má rì í jìn: kí orí ibi tí gbòǹgbò ti bẹ̀rẹ̀ fi ìbú ìka méjì ga ju ilẹ̀ àyíká lọ. Tí ẹ bá rì í jìn, tí omi sì dúró sí i, gbòǹgbò á jẹrà, gbogbo ewé á sì rọ lórí ilẹ̀ tútù. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, wọ́n á tún bomi lù ú.

Fún pípọ́n tó wà nílẹ̀ báyìí, irin tó jẹ́ chelate ni kí ẹ rà, ìyẹn irin tí wọ́n fi èròjà mìíràn dì mú kí gbòǹgbò lè rí i fà. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní EDDHA ni kí ẹ bèèrè, torí irú kejì, EDTA, kì í ríṣẹ́ ṣe mọ́ tí pH bá ti kọjá 6.5. Ẹ tẹ̀lé ìwọ̀n tó wà lára páálí rẹ̀. Ewé tó ti pọ́n lè máà padà bọ̀ sípò. Èyí tó ń yọ bọ̀ ni kí ẹ máa wò. Lẹ́yìn náà, ẹ lo ammonium sulphate, ajílẹ̀ tó ń mú ilẹ̀ kan, ṣíbí ìjẹun kan tó tẹ́jú fún igi kan, lẹ́yìn tí òjò bá ti rin ilẹ̀. Ẹ fọ́n ọn yí i po, kó fi ẹsẹ̀ bàtà kan jìnnà sí ìdí igi. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó tó.

Ìyá Olódòdó

Òótọ́ ni Baba Ajílẹ̀ sọ, àmọ́ irin nìkan kọ́ ló ń já ìrudi bọ́. Òru tó tutù, bíi 15 sí 18 °C, ni gàdéníà fi ń rudi dáadáa. Nílẹ̀ Ìbàdàn, ìgbà ọyẹ́ nìkan la máa ń rí ohun tó sún mọ́ ọn, ọyẹ́ yẹn kan náà ló sì tún ń gbẹ ìrudi. Nítorí náà omi ni ẹ ó máa ṣọ́. Ẹ má bomi rin ín lójoojúmọ́ bí ẹni ń san gbèsè. Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì: tó bá gbẹ, ẹ da lítà 10 sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó bá ṣì rin, ẹ fi í sílẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Omi òjò inú dúrọ́ọ̀mù ló dáa jù. Ẹ fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, àmọ́ kó má kan igi. Oòrùn àárọ̀ ni kó máa gbà, kó wà lábẹ́ òjìji tó bá di ọ̀sán.

Ní ti Queen, ìgbẹ́ adìyẹ ti pọ̀ jù fún un. Nítírójìn, èròjà inú ìgbẹ́ náà, ń sọ gbogbo agbára rẹ̀ di ewé. Ẹ dá a dúró. Eérú tí ẹ gbà lọ́wọ́ gàdéníà, ẹ lè bu ìkúnwọ́ kan rẹ̀ fún Queen. Ìkejì, ẹ ò gé e. Orí ẹ̀ka tuntun ni Queen ti ń tanná, nítorí náà nígbàkigbà tó bá tanná tán, ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ka rẹ̀ kúrò. Kó sì máa rí oòrùn fún wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà lójúmọ́.

Ẹ má fi irú gígé yẹn lọ gàdéníà o. Gẹ́rẹ́ tí òdòdó rẹ̀ bá tán ni kí ẹ gé e, ní ráńpẹ́, kó má sì kọjá oṣù Kẹjọ. Tí ẹ bá gé e nígbà tí ọyẹ́ ń bọ̀, ìrudi ni ẹ ń gé dànù.

Abẹ́ fèrèsé kọ́ ni ibi tí Queen ń gbé. Òórùn rẹ̀ lóru ti lágbára jù. Ó máa ń fọ́ àwọn mìíràn lórí, kò sì dáa fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Ẹ jẹ́ kó tó mítà márùn-ún sí fèrèsé. Gàdéníà ni kí ẹ gbé súnmọ́ ilé, àmọ́ kó ṣì fi mítà kan àbọ̀ yẹn jìnnà sí ògiri. Èso funfun wẹ́wẹ́ tí Queen máa ń so lóró, ewé rẹ̀ náà sì lóró. Ẹ já èso náà kí ọmọdé tàbí ewúrẹ́ tó dé ibẹ̀.

Ọlọ́gbà Àkóbọ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Ó ku méjì. Nǹkan dúdú kan bo ewé gàdéníà kan bíi ti ìdí ìkòkò orí àdògán, èèrà sì ń gùn ún. Àwọn àgbà ilé tún ní Queen máa ń pe ejò, pé ká hú u dànù.

Baba Ajílẹ̀

Ẹ yí ewé náà padà. Ẹ ó rí kòkòrò pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ iṣan ewé, tàbí èyí tó funfun bí òwú ní oríta ẹ̀ka. Omi dídùn tí wọ́n ń yọ sílẹ̀ ni èèrà ń wá lá, orí rẹ̀ náà sì ni nǹkan dúdú yẹn ń hù sí. Ẹ po òróró dóńgóyárò mílílítà 5 àti ọṣẹ olómi mílílítà 2 mọ́ lítà omi kan. Ẹ fọ́n ọn sábẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ tún un ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí tó fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọṣọ máa ń jó ewé o, ẹ má lò ó.

Ejò ò wá nítorí òórùn. Eku, ọ̀pọ̀lọ́ àti alángbá tó sá pamọ́ sábẹ́ igbó ni ejò ń wá kiri. Ẹ gé gbogbo ẹ̀ka Queen tó wà nísàlẹ̀ orúnkún, kí ìdí rẹ̀ mọ́ fo.

Ará Houston

Fún àwa tí òtútù ń mú: irú òtútù tó bọ́ sí Texas ní oṣù Kejì ọdún 2021, gàdéníà tó wà nínú ilẹ̀ lè jó léwé kó sì yè, àmọ́ Queen á kú dé ilẹ̀. Ẹ má yára hú u. Tí ẹ bá ti fi ewé tó nípọn sẹ̀ǹtímítà 15 bo ìdí rẹ̀ ṣáájú, ó lè tún hù láti gbòǹgbò tí ilẹ̀ bá gbóná. Ẹ sì gé ẹ̀ka kan pamọ́ sínú ilé kí òtútù tó dé.

Ìyá Olódòdó

Ní ti gígé ẹ̀ka gbìn, ti Queen rọrùn: ẹ̀ka tó tó pẹ́ńsùlù ní nínípọn, sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, á ta gbòǹgbò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ti gàdéníà, orí ẹ̀ka tí kò tíì le ni kí ẹ gé, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12, kó ku ewé mẹ́rin péré lókè. Ẹ gé ìdí ike omi tó mọ́ gaara, kí ẹ fi dé e lábẹ́ òjìji fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ má máa fà á wò. Tí ewé tuntun bá yọ, ìdérí ike nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ tó gbé ike kúrò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á rọ lójú ẹsẹ̀.