Ọkọ̀ àtijọ́ ń kíìkì, pílọ́ọ̀gì ò ṣáná: ẹ wá sọ ohun tójú yín ti rí

Ọmọ Olóko, Ilé-Olújì: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 bàbá mi la fi ń kó kòkó jáde lóko. Láti àná, tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì ń kíìkì gidi, bẹntiróòlù ń dé kabúrétọ̀ tó ń pò ó mọ́ afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n kò jí. Mo tú pílọ́ọ̀gì kan, èyí tó ń ṣáná sí bẹntiróòlù nínú ẹ́ńjìnì, mo gbé e lé irin ẹ́ńjìnì, àbúrò mi kíìkì, kò ṣáná rárá. Ẹni tírú èyí bá ti ṣe rí, kí lẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò? Òjò ti ṣú, àpò kòkó ṣì wà níta.

Atẹ́gùn: Kọ́ìlì ni. Ra òmíràn.

Riwáyà Òkè-Àdó: Atẹ́gùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ná owó ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ Olóko, wáyà ńlá tó ti àárín kọ́ìlì (òun ló ń sọ iná bátìrì di alágbára) lọ sí dísíbítọ̀ (òun ló ń pín iná fún àwọn pílọ́ọ̀gì), fà á yọ nídìí dísíbítọ̀, gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ irin, kí àyè díẹ̀ wà láàárín. Fi pílásì tó ní rọ́bà lọ́wọ́ dì í mú, má fọwọ́ lásán mú un. Kí wọ́n kíìkì. Tí iná bá fò níbẹ̀ tí kò dé pílọ́ọ̀gì, rótọ̀ tó ń yí nínú dísíbítọ̀ tàbí ìdérí dísíbítọ̀ ni kóo dojú kọ. Tí kò bá fò, gbé tẹ́sítà oníbọ́ọ̀bù sójú kọ́ìlì tó ń gba iná láti swíìṣì. Ó gbọ́dọ̀ tàn. Lẹ́yìn náà, gbé e sójú kejì, èyí tó lọ sí kọ́ńtáàtì (irin kékeré inú dísíbítọ̀ tó ń ṣí, tó ń pàdé, láti já iná kọ́ìlì), kí wọ́n tún kíìkì. Ibẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣẹ́jú. Wá sọ ohun tóo rí.

Alhaja Onírẹsì: Irú Atẹ́gùn yìí ló jẹ owó mi. Mi ò mọ mọ́tò wà o, èmi ni mo ni í. Píkọ́ọ̀pù mi dákẹ́ sọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ tòun tìrẹsì. Mẹkáníìkì ní kọ́ìlì ni, mo rà á. Ó ní pílọ́ọ̀gì ni, mo ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní wáyà pílọ́ọ̀gì ni, mo rà á. Ó wá ní kí n lọ ra odindi dísíbítọ̀ tòkunbọ̀. Mo ní ó tó! Bàbá àgbà kan ló ṣí ìdérí dísíbítọ̀, ó fìka fa wáyà kékeré tó wọ kọ́ńtáàtì, wáyà ń nà. Bàbà inú rẹ̀ ti já, rọ́bà ẹ̀yìn ló kù. Wáyà tí kò gùn tó ìka mi! Títí dòní, ẹnikẹ́ni ò dá owó kọ́ìlì padà fún mi.

Dẹ́rẹ́bà Gate: Háà, Alhaja, ẹ pẹ̀lẹ́. Wáyà yẹn náà ló dá mi dúró n'Íwó Road. Tí mo bá tẹ bírékì, ẹ́ńjìnì á kú. Tí mo bá dúró díẹ̀, á jí.

Atẹ́gùn: Kọ́ìlì ló ṣe tèmi ṣá.

Mẹkáníìkì Ṣàgámù: Ẹ má fi gbogbo wa wé ara wa o. Oníbàárà á dé, á ní ká ṣe kíá. Owó páátì nìkan ló gbà láti san. Kí n wá fi gbogbo àárọ̀ wá wáyà tó já, á ní "wáyà lásán, èló ni?"

Alhaja Onírẹsì: Ẹ sọ fún mi pé owó àyẹ̀wò ni, màá san án. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí n máa ra ohun tí ọkọ̀ ò béèrè.

Riwáyà Òkè-Àdó: Alhaja, riwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè.

Mẹkáníìkì Ṣàgámù: Ta ní ń ṣe táímìn, ká mọ ìgbà tí iná máa fò? Riwáyà?

Ará Houston: F-150 ọdún 1989 lèmi ń wà níbí. Tirẹ̀ ò ní kọ́ńtáàtì, mọ́dù, páátì kékeré tó ń ṣiṣẹ́ kọ́ńtáàtì, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dísíbítọ̀. Òwúrọ̀ á jí. Tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, iná á lọ pátá. Tó bá tutù, á padà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó tutù, wọ́n ní kò sí nǹkan. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó gbóná ná. Mọ́dù ni. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀, ẹ rí i pé wọ́n fi ọ̀rá tó ń gbé ooru kúrò sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Kọ́lá Dísù: Ẹ gbé ẹ́ńjìnì dísù (dísẹ́ẹ̀lì) wọ̀ ọ́. Kò ní pílọ́ọ̀gì tí yóò kọ̀ láti ṣáná.

Dẹ́rẹ́bà Gate: Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ẹ ní kó lọ gbẹ́ kànga.

Ọmọ Olóko, Ilé-Olújì: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Riwáyà. Iná ò fò lẹ́nu wáyà ńlá. Ojú àkọ́kọ́ tàn. Ojú kejì tàn kalẹ̀, kò ṣẹ́jú.

Riwáyà Òkè-Àdó: Ó ti bọ́ sí i. Kọ́ńtáàtì ò pàdé ara wọn nìyẹn, tàbí wáyà Alhaja ti já. Ká ní kò tàn rárá ni, ǹ bá sọ pé kọ́ńdẹ́ńsà ẹ̀gbẹ́ kọ́ńtáàtì ló ti kan irin ọkọ̀. Ṣí ìdérí, fa wáyà náà wò, kóo fi sánpépà tó kúnná fọ ojú kọ́ńtáàtì. Nígbà tó bá ṣí tán, kí àlàfo rẹ̀ tó nǹkan bíi 0.4 mm.

Ọmọ Olóko, Ilé-Olújì: Ojú kọ́ńtáàtì dúdú kirikiri! Mo fọ̀ ọ́, iná ń fò, búlúù ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń yìnbọn ní kabúrétọ̀. Àbúrò mi ti yọ gbogbo wáyà pílọ́ọ̀gì tẹ́lẹ̀.

Atẹ́gùn: 1-3-4-2 ni kẹ́ ẹ to wáyà pílọ́ọ̀gì.

Ọmọ Olóko, Ilé-Olújì: Bẹ́ẹ̀ náà la tò ó.

Mẹkáníìkì Ṣàgámù: Níbo lẹ ti bẹ̀rẹ̀? Ti Peugeot yìí, ẹ̀gbẹ́ gíápọ́ọ̀sì ni pílọ́ọ̀gì nọ́ńbà kìíní wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ bíi ti Toyota. Wáyà kìíní wà níbi tó yẹ kí ìkẹrin wà. Ẹ pààrọ̀ 1 sí 4, ẹ pààrọ̀ 2 sí 3.

Ará Houston: Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yé yín o.

Riwáyà Òkè-Àdó: Mo gbà fún un níbẹ̀ yẹn.

Ọmọ Olóko, Ilé-Olújì: Ó jí! Bàbá ní kí n kí gbogbo yín. A ti ń di kòkó sẹ́yìn ọkọ̀ báyìí.

Alhaja Onírẹsì: Ẹ kú oríire. Mẹkáníìkì Ṣàgámù, apá ibo ní Ṣàgámù lẹ wà?