Ariwo sólà lórí 7 MHz, àti áàtì méjì tí kò so pọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí rédíò.

Ìbàdàn ni ilé náà wà, iná fólíìtì 230, ínfátà àti páńẹ́ẹ̀lì sólà lórí òrùlé. Áńtẹ́nà dipole (wáyà tí a pín sí méjì láàárín) tó gùn ní mítà 20 ni. Bí oòrùn bá ti mú, ariwo “ṣììì” á gòkè láti S2 dé S8 lórí òṣùwọ̀n agbára àmì tó wà lára rédíò. Bó bá di alẹ́, ó dákẹ́. Mo gbé rédíò sórí bátìrì fólíìtì 12 tirẹ̀, mo pa bíréékà ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kò dín. Ìgbà tí mo pa bíréékà DC páńẹ́ẹ̀lì ló tó lọ. MPPT (ẹ̀rọ tó ń darí iná láti páńẹ́ẹ̀lì sí bátìrì) ni ọ̀daràn.

Mo fẹ́ we wáyà pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù pọ̀ ní ìlọ́po 8 sára òrùka FT240-31 (òrùka ferrite tó ń dí ariwo rédíò lọ́nà). Méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ gba inú òrùka kan náà, torí bí a bá we ẹyọ kan, iná DC á pa agbára òrùka náà. Ṣé ẹyọ kan níhà páńẹ́ẹ̀lì tó, àbí níhà bátìrì náà?

Èyí tó ń kó ìdààmú bá mi jù ni áàtì, ìyẹn ọ̀nà tí iná fi ń wọ ilẹ̀. Ọ̀pá áàtì ilé wà lẹ́yìnkùlé; ti rédíò wà lábẹ́ fèrèsé, mítà 9 síra, kò sí wáyà láàárín wọn. Bí àrá bá sán nítòsí, fólíìtì ọ̀pá méjèèjì kò ní dọ́gba, inú rédíò ni iná á sì gbà kọjá. Mo fẹ́ fi wáyà bàbà 16 mm² so wọ́n pọ̀ níta ilé. Oníṣẹ́ iná ní kí n yà wọ́n, kí ariwo má baà wọlé. N kò gbà. Ṣé kí n ri wáyà náà mọ́lẹ̀ láìní rọ́bà lára? Ṣé choke (coax tí a we sára irú òrùka yẹn) lẹ́sẹ̀ áńtẹ́nà á dá ariwo tó bá gba ara coax, wáyà tó so áńtẹ́nà mọ́ rédíò, dúró?