Fèrèsé aluminíọ̀mù wa ti ń ṣá níwájú ilé, kí la lè ṣe sí i?

Ọmọ_Ajah: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Àwọn fèrèsé casement (èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn) aláwọ̀ bronze tó wà níwájú ilé wa l'Ájáh ti ń ṣá, wọ́n ti ń funfun bíi pé eérú dà sí wọn lára, pàápàá àwọn tó kọjú síbi tí oòrùn ń wọ̀ sí, àmọ́ àwọn tẹ̀yìn tí igi ṣíji bò ṣì ń dán. Ilé náà ò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe é ní anodized ni, pé anodized kì í ṣá láyé. A ṣì fẹ́ ṣe ti BQ ni mo ṣe ń bèèrè, kí n lè mọ ohun tí màá sọ fún wọn.

Baba_Profile: Àbúrò, fi ìka nù ún kó o wò. Tí ìka ẹ bá funfun, tó ní lẹ́búlẹ́bú, powder coating nìyẹn, ìyẹn ọ̀dà oníyẹ̀fun tí wọ́n yan mọ́ ọn lára, kì í ṣe anodized. Oòrùn ló ń jẹ ike tó di àwọ̀ náà mú, ike yẹn á wá máa di ẹfun.
Anodized ò ní ike lára. Inú ásíìdì ni wọ́n ń ki aluminíọ̀mù bọ̀, wọ́n á jẹ́ kí iná mànàmáná gba ara ẹ̀ kọjá, ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ á wá hu awọ líle tó ní ihò wínníwínní, inú ihò yẹn làwọ̀ ń wọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á fi omi tó fẹ́ẹ̀ hó dí i pa. Tí wọn ò bá dí i dáadáa, wàhálà dé.
Irọ́ sì ni pé kì í ṣá o. Bronze àti dúdú tí wọ́n fi iná mànàmáná gbé tin (tánńganran) wọnú ihò yẹn, ìyẹn lágbára gan-an. Àmọ́ èyí tí wọ́n kàn rì sínú aró, pàápàá pupa àti pinki, kó máa gbé inú ilé ní tiẹ̀. Fún ìta, ní kí awọ ẹ̀ tó 20 sí 25 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà).

Egbon_Florida: Gúúsù Florida níbí ni wọ́n ń sá irú ọ̀dà yìí sóòrùn láti dán an wò, torí oòrùn àti ọ̀rinrin ibí. Ìlànà ọ̀dà ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní AAMA, ti 2603, ọdún 1 ni wọ́n fi ń dán an wò nínú oòrùn, 2604 ọdún 5, 2605 ọdún 10. Torí náà tí wọ́n bá ní “original ni sà”, ẹ bi wọ́n pé original ọdún mélòó. Tó bá jẹ́ ti Yúróòpù, ẹ bèèrè àmì ìdánilójú ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní Qualicoat, class 2 tó ń fara da oòrùn jù, kì í ṣe class 1. Powder tí wọ́n fi irú ike tó ń jẹ́ epoxy ṣe ńkọ́? Láéláé, kò gbọ́dọ̀ dé ìta.

Iya_Ibeji: Oòrùn nìkan kọ́ o jàre! Àwọn tó ń lẹ táìlì, ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ táìlì náà ló ń ta sí fèrèsé. Sìmẹ́ǹtì náà ń jẹ ẹ́, tó bá ta sí i ẹ tètè fi omi ṣàn án kó tó gbẹ. Nylon tí wọ́n fi wé profile (ọ̀pá aluminíọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe fèrèsé), ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lára ẹ̀, tí oòrùn bá ti yan án mọ́ ọn, gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò ní kúrò bọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sún mọ́ òkun, iyọ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ máa fọ̀ ọ́ déédéé. Ọṣẹ abọ́ àti aṣọ múlọ́múlọ́ ti tó, láàárọ̀ kó tó gbóná. Kò sí hypo, kò sí thinner, kò sí kànìnkànìn onírin.

Ọmọ_Ajah: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti fìka nù ún, funfun báláú! Bàbá, ṣé ó ṣì lè dára báyìí?

Baba_Profile: Ó lè dára díẹ̀. Fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ, kó o wá fi compound tí wọ́n fi ń dán mọ́tò ra igun kan tójú ò ní tètè rí. Tí àwọ̀ ẹ̀ bá padà hàn dáadáa, ṣe ìyókù, kó o fi wax mọ́tò lé e, wàá sì máa tún un fi síi lọ́dọọdún. Tí aluminíọ̀mù bá ti yọjú, wax ò lè ṣe é mọ́, àfi kí wọ́n tún un kùn. Ti BQ, tó bá jẹ́ pé ìwọ̀ oòrùn ló kọjú sí, gba silver tàbí champagne, tí wọ́n bá ṣá kì í hàn bíi ti bronze.