Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ilé ìwé ọmọ mi ní Japan

Ìyá Ayọ̀ (Saitama): Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ojoojúmọ́ ni ìwé ń ti ilé ìwé wá, kanji (àmì ìkọ̀wé àwọn ará Japan) látòkè délẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ní kó gbé aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ wá, a ò mọ̀, etí omi ló jókòó sí. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lóúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n á tún máa fọwọ́ kan irun rẹ̀. Tíṣà ní kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, bẹ́ẹ̀ nílé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi! Ṣé kí n dá a padà sọ́dọ̀ ìyá mi n'Íbàdàn?

Bàbá Ìbejì: Ọmọ ọdún mélòó? Ìgbà wo ló dé?

Màmá Tóbi (Nagoya): Ẹ pẹ̀lẹ́. Tèmi náà sunkún títí. Ìṣirò ò le fún un, àlàyé tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kò lè kà. Kanji 1,026 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan!

Alàgbà Saka: Ẹ máa bá a sọ Japanese nílé, ó parí.

Màmá Tóbi: Japanese wo, Alàgbà? Èyí tí a ò gbọ́? Ẹ jẹ́ kó gbọ́ Yorùbá tó já gaara lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Olùkọ́ Dúpẹ́: Ẹ ò tíì dá Bàbá Ìbejì lóhùn o. Láti 2014 ni ìjọba ti gbà kí ilé ìwé máa mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jáde ní kíláàsì láti kọ́ ọ lédè, wákàtí 10 sí 280 lọ́dún. Wọn ò fi lọ̀ yín ni?

Ìyá Ayọ̀: Ọmọ ọdún 10 ni. Wọ́n fi lọ̀ wá, mo ní rárá. Kí wọ́n máa mú un lọ sí yàrá àwọn olódo lójú ẹgbẹ́ rẹ̀? Ipò kejì ló ń ṣe n'Íbàdàn!

Bàbá Ìbejì: Háà! Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Ẹ padà lọ gbà á.

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá (Hamamatsu): Ẹ rọra bá a wí. A ti rí ọmọ Brazil níbí tí wọ́n fi sí kíláàsì àwọn tí ìwé kì í tètè yé, èdè lásán ni kò sì gbọ́. Bí ìwé náà bá sọ pé "tokubetsu shien" (ẹ̀kọ́ àkànṣe fún ọmọ tó ní ìpèníjà), ẹ béèrè ìdí kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú. Bó bá jẹ́ "nihongo" (èdè Japanese), ẹ gbà á kíá.

Olùkọ́ Dúpẹ́: Òótọ́ ni. Ẹ ní kí wọ́n fi DLA, ìdánwò èdè tí wọ́n ń fi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ṣe, dán èdè rẹ̀ wò ná.

Ìyá Ayọ̀: Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni ìwé náà wà, iṣẹ́ alẹ́ ló lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì sì ti wà nílẹ̀ fún oṣù tó ń bọ̀.

Bàbá Ìbejì: Ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó wá béèrè?

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá: Bó bá ti dé láàárọ̀, ẹ ya fọ́tò ìwé náà, ẹ bo orúkọ ọmọ, ẹ fi síbí.