Èsì: «Ìgbòkègbodò àìjẹmẹ́kọ̀ọ́» nínú ìwé ìwáṣẹ́ lọ́yà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó.

Àbúrò wa tó ń wáṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò ló béèrè pé orí ọ̀rọ̀ wo ni òun máa kọ ẹgbẹ́ aríyànjiyàn, bọ́ọ̀lù àti ipò akápò òun sí abẹ́ rẹ̀. Bàbá wa ará Ìwó ní kó kọ «ìgbòkègbodò àìjẹmẹ́kọ̀ọ́», ìyẹn «extracurricular activities» tí Òyìnbó ń wí. Bàbá, ẹ má bínú, èyí ò lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú «àì-» yẹn nìkan. Àìsàn, àìlera, àìgbọ́n, àìríṣẹ́ṣe: èwo nínú wọn lẹ fẹ́ kí ọmọ gbé síwájú ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́? Ẹ ní «àìkú» ńkọ́, ṣé òun náà burú ni? Ikú ló burú tí àìkú fi dáa. Ẹ̀kọ́ kò burú. Ká tún wá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, kí wọ́n kà á pé ọmọ náà kì í jẹ ẹ̀kọ!

«Eré ọwọ́dilẹ̀» tí àwọn kan dábàá náà kò sàn jù ú lọ. Ẹni tó ń bẹ ọwọ́ tó bá dilẹ̀ níṣẹ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà wa ti oko dé, wọ́n jókòó, wọ́n ń hun agbọ̀n: iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ní Òṣogbo, ìlú aró tiwa níbí, ìyá tó bí ìyá mi á tajà tán, ìrọ̀lẹ́ ló ń rẹ aṣọ, apá rẹ̀ á dúdú dé ìgúnpá. Ẹ lọ pe ìyẹn ní ọwọ́dilẹ̀ níṣojú rẹ̀, ẹ máa gbọ́ tiyín. Kí ló wá dé tí a ò lè sọ pé «àbọ̀kọ́», ohun tí èèyàn ń ṣe tó bá ti ẹ̀kọ́ bọ̀? Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní «àbọ̀» inú àbọ̀ṣẹ́, ìdajì ni, kì í ṣe «bọ̀» ti ẹni tó ń bọ̀ wálé. Ohùn kan náà ni méjèèjì ní, ohùn ò lè là wá níjà. Mo dúró lórí «bọ̀».

Akọ̀wé lọ́yà ni mí, ní Òkè-Fíà. Ìwé tí wọ́n bá fi kọ́mà to «aríyànjiyàn, bọ́ọ̀lù, orin, ìwé kíkà» sí ìsàlẹ̀, ọ̀gá wa kì í dúró níbẹ̀. Ọmọ kan ní tiẹ̀ kọ ọ́ pé òun ṣe akápò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, òun gba owó ẹgbẹ́ tó há sọ́wọ́ àwọn kan, òun sì ka ìṣirò rẹ̀ níwájú ìpàdé. Ọ̀gá fi bíírò pupa yí i po. Nígbà tí wọ́n pè é, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: «Báwo lo ṣe bá ẹni tí kò fẹ́ san sọ̀rọ̀?»

Ẹni tó bá ṣe ẹjọ́ ìdánrawò (moot court), kó sọ bóyá olùpẹjọ́ ló dúró fún tàbí olùjẹ́jọ́, àti kókó òfin tó fà yọ. Ẹ̀yin agùnbánirọ̀, ọjọ́ CDS, iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, tí ẹ fi ran aláìní lọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́ Legal Aid, ẹ má fi pamọ́. Ṣùgbọ́n kóòtù àti ọ́fíìsì lọ́yà tí Law School rán yín lọ, ara ẹ̀kọ́ nìyẹn, kì í ṣe àbọ̀kọ́. Ibi ìrírí iṣẹ́ ni kó lọ.

Ẹni tó sì sọ pé ará Òṣogbo kankan ò lè kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ dídá, torí pé tísà Yorùbá ni bàbá òun: 1973 ni NYSC bẹ̀rẹ̀, «agùnbánirọ̀» sì ti di ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá alákàrà. Ṣé ìwé-ẹ̀rí bàbá yín ló gbé e débẹ̀ ni?